Ohun Tí Osùn Bò Mọ́lẹ̀

Pupa ni ọmọ náà láti àtàrí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkùnrin gíga kan gbé e mọ́ àyà, ó ń sáré bọ̀ nínú oòrùn àárọ̀, ẹ̀wù funfun tó wọ̀ sì ti pupa láti ọrùn dé ìdodo. Bí ó ṣe wọ ọgbà ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, gbogbo ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan ní mọ́tò ló gbá ọmọ ọlọ́mọ, òmíràn fi ọwọ́ bo ojú ọmọ tirẹ̀.

Fọláhànmí, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ju bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré pàdé wọn. Àyà rẹ̀ ti já. Ó ti ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lára ọmọ náà kí ó tó la ẹnu.

"Níbo ló ti fara pa?"

"Kò fara pa," ni ọkùnrin náà wí, ó ń mí gúlegúle. "Osùn ni. Ìyá mi ló fi kùn ún lára."

Gbogbo àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Fọláhànmí náà rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di tábìlì mú. Bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ẹ̀rín yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà tí ẹ ó gbọ́ yìí. Ẹni tí ẹ̀rù ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ kì í fara balẹ̀ wo nǹkan mọ́; ó máa ń rò pé ewu ti kọjá.

Akíntóyè ni orúkọ ọkùnrin náà. Onífọ́tò ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Oǹdó. Ó wá kí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Adéjọkẹ́, tó ń gbé ní Ìsìkàn, tí ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Adéjọkẹ́ ló bí ọmọ náà, Moríyọ̀, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Ara rẹ̀ ti ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, nǹkan wẹ́wẹ́ sì ti sú sí i lára. Ìyá wọn tó ti Oǹdó wá ló lọ osùn, tó fi kùn ún láti òkè délẹ̀, bí ìyá tirẹ̀ náà ti ṣe fún un nígbà èwe.

"Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀?" Fọláhànmí bi í, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni mí. Èmi ò tíì níyàwó."

"Mi ò bi yín ní ìyẹn, sà."

"Mo rò pé ẹ máa kọ ọ́ sínú káàdì ni."

Àwọn ìyá tún rẹ́rìn-ín. Fọláhànmí tẹrí ba kí ó má bàa hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun.

Ọdún 1988 ni, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ń han gbogbo ènìyàn léèmọ̀. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ti fi ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ lọ sí Saudi. Kẹrosíìnì kò sí láti fi tan fíríìjì, abẹ́rẹ́ àjẹsára inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí Moríyọ̀ kò fi gba èyí tó yẹ kó gbà nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án. Fọláhànmí nìkan ló ń dá gbogbo bẹ́ǹṣì náà lóhùn.

Ó bèèrè bóyá ọmọ ń wúkọ́. Akíntóyè ní ó ń wúkọ́ díẹ̀. Ojú ọmọ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ń sunkún láti ilé, osùn sì ti kó sí i lójú. Nínú ìwé tí Fọláhànmí fi kọ́ṣẹ́, ọmọ òyìnbó ni gbogbo ọmọ tó wà nínú àwòrán. Ara wọn funfun, èéyi sì hàn lára wọn bí ìgbà tí wọ́n ta ata sára aṣọ funfun. Pípọ́n ni wọ́n kọ́ ọ kí ó máa wá. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ yìí, kò síbi tí kò pọ́n lára rẹ̀.

Omi wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì wà lórí ìṣó. Kò wẹ osùn náà kúrò, kò sì wo ẹnu ọmọ.

"Ooru ni," ó ní. "Ẹ máa fi omi tó lọ́ wọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ má da aṣọ tó nípọn bò ó. Ẹ fi kalamáìn yìí pa á lára."

"Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì." Akíntóyè dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ̀rín yín gan-an ti tó oògùn."

Títí di ọ̀sán ni inú Fọláhànmí ń dùn láìnídìí.

Ní ọjọ́ kẹrin ni Akíntóyè padà wá. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Kò kí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì. Ó fa àwòrán kan yọ nínú àpò ìwé, ó fi lé Fọláhànmí lọ́wọ́.

"Ìyá mi ní kí n yà á," ó ní. "Wọ́n ní bí ó bá lọ, kí a lè ní ohun tí a ó fi máa rántí rẹ̀."

Àwòrán dúdú òun funfun ni. Adéjọkẹ́ ti wẹ ọmọ náà mọ́, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé sí i lára. Ohun gbogbo tó sú sí awọ ara rẹ̀ ló hàn ketekete, ó yọ sókè bí iyanrìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí àti ìlà irun, ó kún iwájú orí, ó kún ojú, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ibi tó ti kọ́kọ́ sú, ní iwájú orí, ti ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn.

"Inú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò ni mo ti rí i," Akíntóyè ní. "Mo ti ń ya àwọn ènìyàn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ooru kì í rí báyìí. Nọ́ọ̀sì, kí ni èyí?"

Fọláhànmí ti mọ ohun tó jẹ́. Ó mú báàgì rẹ̀, ó ní kí ó jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Ilé Adéjọkẹ́ ń rùn fún ẹmu ọ̀pẹ, nítorí pé ẹmu ni ìyá Akíntóyè tún ń fi wẹ ọmọ náà báyìí. Moríyọ̀ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kò sunkún mọ́. Ìpin ti lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pa. Nígbà tí Fọláhànmí fi omi iyọ̀ là wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó rí i pé ẹyinjú òsì ti ń ṣú bí gíláàsì tí èéfín bà.

"Kí ló ń ṣe ọma mi?" ni ìyá Akíntóyè fi ohùn Oǹdó bèèrè.

Gbogbo wa la mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe máa ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé e padà wá, wọ́n á ní nǹkan mìíràn ló wọ̀ ọ́. Fọláhànmí kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Èéyi ni, mà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá ló ti jẹ́ èéyi. Èmi ni mo ṣì í mọ̀."

Akíntóyè wò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì gbọ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ pé òun ló jẹ̀bi. Ẹnu yà á, inú bí i, àánú rẹ̀ sì ṣe é, kò sì mọ èwo ni kí ó mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ìwọ ni o ní ooru ni?" Ohùn ìyá náà lọ sílẹ̀. "Dìde níwájú mi. Jáde."

"Màá jáde, mà. Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tó lè gba ojú yìí sílẹ̀, ó sì yẹ kó lò ó lónìí. Kò sí ní Àkúrẹ́. Bóyá ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọ onígbàgbọ́ ní Oǹdó. Tí mo bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé fún ìṣẹ́jú kan péré."

Epo bẹntiróòlù wọ́n lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì kankan kò sì lọ, ṣùgbọ́n epo díẹ̀ ṣì wà nínú alùpùpù Akíntóyè. Ó gbé Fọláhànmí sẹ́yìn, wọ́n sì mú ọ̀nà Oǹdó pọ̀n.

"Ẹ ì bá ti lè sọ pé a pẹ́," Akíntóyè ní lójijì. "Ìyá mi ì bá gbà á gbọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà ì bá gbà á gbọ́."

"Ìdí rèé tí mi ò fi sọ ọ́."

Mátírónì àgbàlagbà kan ló dá wọn lóhùn ní Oǹdó. Hóró fítámìn A, oògùn ojú náà, mẹ́ta péré ló kù sínú ìgò rẹ̀, róbótó, rírọ̀. Ó gbọ́ bí ọ̀ràn náà ti rí lẹ́nu Fọláhànmí, ó wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀, ó sì da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lọ́wọ́. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi padà dé Ìsìkàn. Ìyá Akíntóyè dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn nígbà tí Fọláhànmí gé imú hóró kan, tó fún òróró inú rẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu. Kò lé e, kò sì kí i.

Moríyọ̀ yè. Ojú ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Ti òsì kò ríran mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Akíntóyè tún wá sí ilé ìwòsàn. Fọláhànmí rò pé ó wá bú òun ni, ó sì dúró dè é. Dípò èébú, ìbéèrè ni ọkùnrin náà gbé wá. Ó ní ìwé tí Fọláhànmí sọ fún òun nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Oǹdó, tó jẹ́ àwọn ọmọ òyìnbó nìkan ló wà nínú àwòrán rẹ̀, ṣé kò sí ìwé mìíràn tó ní àwòrán àwọn ọmọ tiwa?

"Mi ò rí i rí."

"Ẹ jẹ́ kí a yà á nígbà náà. Tí iná bá kọjú sí awọ dúdú tààrà, awọ á gbé e mì. Ṣùgbọ́n tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, kò sí ohun tó yọ sókè tí kò níí hàn. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń wá. Èmi mọ ibi tí iná yóò gbà."

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á lọ sí Ìgbàrà-Òkè, ìlú Fọláhànmí, tàbí Ìjàpọ̀, tàbí àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Oǹdó. Bí ìyá ọmọ bá gbà, Akíntóyè á ya ọmọ. Wọ́n ya èéyi ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Wọ́n ya ṣíkìnpọ́ọ̀sì, tí òun máa ń ní omi nínú bí ìrì, tí àwọn kan ti ń gbẹ nígbà tí àwọn kan ń jáde. Fọláhànmí kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣíbí ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, kí wọ́n wo bóyá nǹkan funfun bíńtín bí iyọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó máa ń yọ ṣáájú kí ohunkóhun tó sú sí ara.

"Ẹ̀yin náà ẹ la ẹnu, kí n wò ó," Akíntóyè ní lọ́jọ́ kan.

"Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Bóyá orúkọ mi wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ lẹ ti ń pè mí ní Bùrọ̀dá Fọ́tò."

"Akíntóyè," ó ní wẹ́rẹ́, ojú sì ti àwọn méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Ọkàn wọn fà mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí Adéjọkẹ́ fúnra rẹ̀ fi mọ̀, tó sì gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Akíntóyè sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ìyá náà bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mejì bóyá eré ló ń ṣe.

"Èyí tó fọ́ ọma mi lójú?" ó ní. "Bí o bá mú un wọ ilé yìí, èmi á jáde."

Akíntóyè gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún Fọláhànmí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí àwọn aláìsàn ti lọ.

"Màá sọ òótọ́ fún ìyá mi," Akíntóyè ní. "Osùn wọn ló bò ó. Dókítà wo ni ì bá rí nǹkan kan lábẹ́ ìyẹn?"

"Dókítà tó bá wẹ̀ ẹ́ ni. O ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

"Fọláhànmí."

"Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wá sí Ìsìkàn, ojú ọmọ yẹn ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá mọ̀, kí ni wọn ó máa rí? Omi wà nítòsí mi, Akíntóyè. Táwẹ́ẹ̀lì wà. Iṣẹ́ tèmi ni, kì í ṣe tiwọn."

"Kí á má wáá fẹ́ra wa nítorí ẹ̀?"

"Bó bá gba bẹ́ẹ̀," Fọláhànmí ní, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Akíntóyè. Kò mọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn òun tó báyìí, kí ó sì tún lè fi òun sílẹ̀ nítorí arúgbó tó ń bú u. Ó ṣe ìlérí pé ẹnu òun kò níí sọ ọ́. Ó padà sí Oǹdó, Sátidé méjì kọjá, kò wá. Àwọn ọjọ́ yẹn ni Fọláhànmí kò lè jẹun.

Akíntóyè kò sọ̀rọ̀, ó ṣiṣẹ́ ni. Gbogbo onífọ́tò ní pátákó tí wọ́n máa ń kàn síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwòrán ìyàwó òun ọkọ àti ti àwọn tó gboyè máa ń wà. Ó tú gbogbo wọn kúrò, ó sì lẹ àwòrán àwọn ọmọ tí èéyi ń ṣe mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà bínú, wọ́n ní ta ni yóò wá ya àwòrán níbi tí àìsàn ti ń wo ènìyàn. Láàárín pátákó náà ni ó lẹ àwòrán méjì ti ọmọ kan náà mọ́, ọmọ kan ní Ìgbàrà-Òkè tí ìyá rẹ̀ ti fi osùn kùn kí wọ́n tó débẹ̀. Nínú èkíní, osùn wà lára rẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Akíntóyè kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran. Ó ń kọjá níwájú pátákó yẹn lójoojúmọ́ lọ sí ọjà, ó ń fi ibínú gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó dúró. Ó wo èkíní, ó wo èkejì. Ó tún wo èkíní. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó kan fi ọwọ́ di ògiri mú, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìgboro.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Fọláhànmí gbójú sókè nílé ìwòsàn Ìsìkàn, ó rí ìyá Akíntóyè níwájú tábìlì rẹ̀. Ìyá náà gbé ọmọdé kan tó ń jẹ́ Táíyé dání, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní Oǹdó, ìyá ọmọ náà sì tẹ̀lé e. Ọmọ mọ́ tónítóní, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná.

"Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀," ni ìyá náà wí. "Mo ti wò ó bí Akíntóyè ti kọ́ mi. Nǹkan bí iyọ̀ wà níbẹ̀."

Fọláhànmí wò ó. Òótọ́ ni. Ó tètè mú Táíyé àti ìyá rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì lọ sí yàrá ọ̀tọ̀, ó fún un ní oògùn ojú kí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí ojú. Nígbà tó jáde, ìyá Akíntóyè ṣì dúró síbi tó fi í sí.

"Ilé ìwòsàn pọ̀ ní Oǹdó, mà," Fọláhànmí ní pẹ̀lẹ́.

"Mo mọ̀. Èmi ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ bó bá ṣì í." Ìyá náà súnmọ́ tábìlì. "Osùn mi ló bò ó. Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

Fọláhànmí kò lè purọ́. "Ọjọ́ kẹrin, mà."

"Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń bú ọ. Kí ló dé tó ò sọ?"

"Èmi ni nọ́ọ̀sì, mà."

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Fọláhànmí sáré dì í mú lápá kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, òun náà sì kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì wá di ara wọn mú nílẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn ìyá ọlọ́mọ.

Nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ìdílé Akíntóyè lọ tọrọ Fọláhànmí ní Ìgbàrà-Òkè. Wọn kò pọ̀, nǹkan kò rọgbọ. Bàbá Fọláhànmí, àgbẹ̀ kòkó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí àwọn àlejò sọ ohun tí wọ́n bá wá. Àwọn ọkùnrin ń múra láti fèsì nígbà tí ìyá Akíntóyè dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Moríyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ yín ṣe àṣìṣe, èmi náà ṣe àṣìṣe," ó ní. "Òun nìkan ló ru ẹrù àwa méjèèjì. Kí ẹ tó fi í fún wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ohun kan pamọ́. Bàbá Fọláhànmí yíjú sí ọmọ rẹ̀, ẹnu yà á, nítorí kò gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ìyá Akíntóyè tú ọ̀já, ó sọ Moríyọ̀ kalẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ lọ síwájú Fọláhànmí.

"Ìyá rẹ̀ ń lọ bá ọkọ ní Kàdúná. Àkúrẹ́ ni dókítà tó ń tọ́jú ojú rẹ̀ wà. Èmi àti Adéjọkẹ́ ti sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò máa gbé."

Adéjọkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi, mà?" Fọláhànmí ní. "Pẹ̀lú ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ mi?"

"Pẹ̀lú ẹ̀," ni ìyá náà wí.

Moríyọ̀ yí orí rẹ̀ pátápátá kí ojú ọ̀tún lè rí ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ó wò ó dáadáa. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Fọláhànmí gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Akíntóyè tó dọ̀bálẹ̀ sí àárín ilé kò sì mọ bóyá kí òun dìde tàbí kí òun wà níbẹ̀.

Bàbá Fọláhànmí wú ikọ́ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, ẹkún kì í ṣe èsì, òun ṣì ń retí kí ọmọ òun sọ̀rọ̀. Ṣé ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí tàbí kò gbà?

"Mo gbà, Bàbá," Fọláhànmí ní. "Mo gba àwọn méjèèjì."